Orí Kẹfà: Ìgbéyàwó Constanza àti Ìjà fún Ìtẹ́ Castile, 1371–1388

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1371, John of Gaunt, ọmọ Edward Kẹta ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Constanza níyàwó ní Roquefort, ìlú kékeré kan ní Gascony, ẹkùn kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ọmọ ọdún 31 ni ọkọ, ọmọ ọdún 17 ni ìyàwó. Bàbá ìyàwó, Pedro Kìíní ọba Castile, ti kú: ọbàkan rẹ̀ ló pa á, tó sì gorí ìtẹ́ rẹ̀. Constanza kò mú wúrà wá sílé ọkọ, kò sì sí ìlú kan tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ sí ìtẹ́ bàbá rẹ̀ ni gbogbo ẹrù ìyàwó tí ó dì. Ẹ̀tọ́ yìí ni John fi jẹ́ ọba Castile lórúkọ fún ọdún 16, láìjókòó lórí ìtẹ́ náà lọ́jọ́ kan.

Castile àti òfin oyè rẹ̀

Ilẹ̀ tí Sípéènì àti Pọtogí wà lórí rẹ̀ lónìí kì í ṣe ti ọba kan ní sẹ́ńtúrì kẹrìnlá. Ìjọba márùn-ún ló pín in: Castile, Aragon, Navarre, Pọtogí, àti Granada tí í ṣe ìjọba àwọn Mùsùlùmí. Castile, tí ó ti so pọ̀ mọ́ León láti 1230, ló tóbi jù lọ nínú wọn. Irun àgùntàn rẹ̀ ni àwọn ahunṣọ ilẹ̀ òkèèrè ń rà, àwọn ọkọ̀ ogun alájẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀rù fún ọ̀tá lójú òkun. Ọba tí Castile bá gbè lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ a máa lékè lórí omi. Èyí ká àwọn ọba ìgbà náà lára gidigidi, nítorí láti 1337 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé ti wà lẹ́nu ìjà tí àwọn òpìtàn ń pè ní Ogun Ọgọ́rùn-ún Ọdún.

Obìnrin lè jogún ìtẹ́ ní Castile. Siete Partidas, ìwé òfin tí wọ́n kó jọ lábẹ́ Alfonso Kẹwàá ní sẹ́ńtúrì kẹtàlá, là á sílẹ̀ pé bí ọba kò bá fi ọmọkùnrin sílẹ̀, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni yóò jọba. Kí ìwé òfin náà tó wà rárá ni Urraca ti jọba láti 1109, tí Berenguela náà sì jogún ìtẹ́ ní 1217, tó gbé e lé ọmọ rẹ̀, Fernando Kẹta, lọ́wọ́.

Ti Faransé yàtọ̀. Nígbà tí Charles Kẹrin kú níbẹ̀ ní 1328 láìní ọmọkùnrin, àwọn ìjòyè kò gbé ìtẹ́ fún Edward Kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Isabella, ìyá rẹ̀, ni àbúrò ọba tó wàjà. Wọn kò gbà pé ẹ̀tọ́ lè ti ọwọ́ obìnrin kọjá sí ọmọ rẹ̀. Bàbá ń jà fún ìtẹ́ Faransé lórúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ tún dìde láti gba ìtẹ́ Castile lórúkọ aya rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ọmọ, òfin ilẹ̀ náà kò ta ko pé kí obìnrin jogún. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni bóyá ọmọ ìgbéyàwó ni obìnrin náà.

Ìjà orogún di ìjà ọbàkan

Alfonso Kọkànlá, bàbá Pedro, fẹ́ María, ọmọ ọba Pọtogí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àlè rẹ̀, Leonor de Guzmán, ni ọkàn rẹ̀ wà. Pedro nìkan ni ọmọ ayaba tó yè. Leonor bí ọmọ mẹ́wàá fún ọba, Enrique sì wà lára wọn. Ní 1350, àjàkálẹ̀ àrùn pa Alfonso níbi tí ó ti dó ti Gibraltar, Pedro sì jọba ní ọmọ ọdún 15. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pa Leonor ní àhámọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìjà orogún ti di ìjà ọbàkan.

Ní 1353, Pedro fẹ́ Blanche láti ìdílé Bourbon ní Faransé. Ọjọ́ mélòó kan péré lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ó pa á tì, tí ó padà sọ́dọ̀ María de Padilla, olólùfẹ́ rẹ̀. Àhámọ́ ni Blanche wà títí ó fi kú ní 1361, ọdún yẹn kan náà sì ni María kú. Ní 1362, Pedro pe Cortes jọ sí Seville. Cortes ni ìgbìmọ̀ tí àwọn ìjòyè, àwọn àlùfáà àgbà àti àwọn aṣojú ìlú máa ń pésẹ̀ sí. Ó kéde níwájú wọn pé òun ti fẹ́ María ní ìkọ̀kọ̀ kí òun tó fẹ́ Blanche. Cortes fọwọ́ sí i, wọ́n sì ka àwọn ọmọ María sí ọmọ ìgbéyàwó. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó wà nínú wọn kú lọ́dún náà. Ó ku Beatriz, Constanza àti Isabel.

Ìpinnu Seville yìí ni ìpìlẹ̀ ẹ̀tọ́ Constanza. Lójú ẹni tó gbà á, arólé ọba ni. Lójú ẹni tí kò gbà á, ọmọ àlè ni. Enrique àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gbà á.

Ní 1366, Enrique wọ Castile pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tí Bertrand du Guesclin, ọ̀gágun Faransé, kó sòdí. Ọba Faransé, ọba Aragon àti Póòpù wà lẹ́yìn rẹ̀. Pedro sá lọ sí Bayonne, ó bẹ Edward, àrẹ̀mọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣàkóso Aquitaine, pé kí ó gba òun. Ó ṣe ìlérí owó àti ilẹ̀ fún un, ó sì fi àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin dógò. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1367, àrẹ̀mọ náà àti àbúrò rẹ̀, John of Gaunt, ṣẹ́gun Enrique ní Nájera. Ìtẹ́ padà sọ́wọ́ Pedro, ṣùgbọ́n kò rí owó san. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá tiwọn lọ, Enrique sì tún padà wọlé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1369, àwọn ọbàkan méjèèjì fojú kojú nínú àgọ́ kan ní Montiel. Enrique fi ọ̀bẹ gún Pedro pa.

Àwọn ọmọ tí Pedro fi dógò kò rí bàbá tí yóò rà wọ́n padà mọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà. Nígbà tí Beatriz ti kú, ẹ̀tọ́ bọ́ sórí Constanza.

Ohun tí John ń wá

Ìlú Ghent ni wọ́n bí John sí ní 1340, ibẹ̀ ni orúkọ Gaunt ti wá. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Blanche, ọmọ Duke ti Lancaster, ogún obìnrin náà ló sì sọ John di olówó jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọba. Ní 1362 ni ó jẹ oyè Duke, oyè tó ga jù nínú oyè àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì. Blanche kú ní 1368, ó fi Philippa, Elizabeth àti Henry sílẹ̀. Ọlá pọ̀ fún John, ṣùgbọ́n ìtẹ́ jìnnà sí i: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àrẹ̀mọ, ẹ̀gbọ́n náà sì ti bí ọmọkùnrin, Richard, ní 1367. Ọ̀nà tí ó lè fi di ọba kò sí nílé, àfi lẹ́yìn odi.

Ọ̀rọ̀ ìjọba tún wà níbẹ̀. Ní 1368, Enrique bá ọba Faransé ṣe àdéhùn ní Toledo pé ọkọ̀ ogun Castile yóò máa bá Faransé jà. Bí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì bá di ọba Castile, àwọn ọkọ̀ náà yóò kúrò lọ́wọ́ ọ̀tá. Nítorí náà, ohun tí John fẹ́ fún ara rẹ̀ bá ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1372, ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì gba John gẹ́gẹ́ bí ọba Castile àti León. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Constanza wọ London gẹ́gẹ́ bí ayaba. John fi ilé olódi àti kìnnìún, àmì Castile àti León, kún àmì ìdílé rẹ̀. Àwọn ará Castile tó sá fún Enrique péjọ sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń bá a kọ ìwé lórúkọ ọba. Kí ẹ̀tọ́ náà má baà bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, Edmund, àbúrò John, fẹ́ Isabel, àbúrò Constanza, lọ́dún 1372 náà. Constanza bí Catalina, ọmọbìnrin, ní Hertford. Ọmọkùnrin tí ó bí kò pẹ́ láyé.

Ìfẹ́ kọ́ ló so tọkọtaya yìí pọ̀. Katherine Swynford ni John fẹ́ràn, ọmọ mẹ́rin ló sì bí fún un láìsí ìgbéyàwó. Constanza kó àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ yí ara rẹ̀ ká. Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ tí wọ́n ta sílẹ̀ ní Montiel àti ìtẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, ibẹ̀ sì ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti pàdé.

Ìdúró ọdún 14

Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rù kò pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1372, ọkọ̀ ogun Castile pa àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì run ní iwájú La Rochelle, wọ́n sì mú ọ̀gágun wọn, Earl ti Pembroke, lẹ́rú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, John kó ogun láti Calais la àárín ilẹ̀ Faransé kọjá dé Bordeaux. Ebi, òtútù àti àìsàn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ẹṣin rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sì ku ohun tí ó lè fi wọ Castile.

Edward Kẹta wàjà ní 1377, Richard Kejì sì jọba ní ọmọ ọdún 10. Ní 1379, Enrique kú nínú oyè, ọmọ rẹ̀, Juan Kìíní, sì gun orí ìtẹ́ láìsí ìjà. Èyí burú fún John, nítorí ẹni tí bàbá rẹ̀ fi oyè lé lọ́wọ́ ṣòro lé kúrò ju ẹni tó jà gbà á lọ. Ní 1381, Edmund kó ogun lọ sí Pọtogí láti gba ibẹ̀ kọlu Castile, ṣùgbọ́n ọba Pọtogí bá Castile làjà lọ́dún kejì, ogun náà sì tú ká. Lọ́dún 1381 kan náà, àwọn mẹ̀kúnnù dìde sí ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dáná sun Savoy, ààfin John ní London. Ní 1383, nígbà tí John ń bẹ ìgbìmọ̀ aṣòfin fún owó ogun Castile, ogun Flanders tí bíṣọ́ọ̀bù Norwich kó ni wọ́n yàn. Ogun náà kò yọrí sí rere.

Pọtogí ni ọ̀nà ti wá là. Fernando ọba Pọtogí kú ní 1383, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó fi sílẹ̀, Beatriz, sì ni aya Juan Kìíní ti Castile. Juan béèrè fún ìtẹ́ Pọtogí lórúkọ aya rẹ̀, bí John ṣe ń béèrè fún ìtẹ́ Castile lórúkọ tirẹ̀. Àwọn ará Pọtogí kọ̀. Ní 1385, Cortes wọn ní Coimbra fi João jọba, ọbàkan Fernando tí wọ́n bí láìsí ìgbéyàwó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún náà, João ṣẹ́gun Castile ní Aljubarrota, àwọn tafàtafà Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú ogun rẹ̀. Agbára Juan wó, John sì rí ọba tí yóò bá a gbógun wọ Castile.

Ogun 1386 sí 1387

Ní 1386, gbogbo nǹkan tò. Richard Kejì dé John àti Constanza ládé wúrà. Ní oṣù Karùn-ún, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Pọtogí fọwọ́ sí Àdéhùn Windsor, pé àwọn yóò máa ran ara wọn lọ́wọ́ títí láé. Póòpù náà dá sí i: láti 1378 ni Póòpù ti di méjì, Urban ní Róòmù, Clement ní Avignon. Clement ni Castile ń tẹ̀ lé, Urban sì ka ogun John sí ogun ìgbàgbọ́.

John gbéra láti Plymouth ní oṣù Keje, òun àti Constanza, Catalina, Philippa àti Elizabeth. Ìrìn yìí jọ ti ẹni tó ń kó lọ sílé titun ju ti ẹni tó ń lọ jagun nìkan. Wọ́n gúnlẹ̀ sí La Coruña ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, ọjọ́ àjọ̀dún Jákọ́bù Mímọ́. Santiago de Compostela ṣílẹ̀kùn fún wọn, ọ̀pọ̀ ìlú Galicia sì tẹrí ba. John tẹ ìjọba dó sí Ourense.

Juan kò jáde wá bá a jà. Ó mú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọ inú àwọn ìlú olódi, ó sì kó oúnjẹ kúrò ní ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè gbà. Ó tún fi ẹnu jà. Níwájú Cortes ní Segovia, ó ní ìtẹ́ ti ṣìnà láti 1284, nígbà tí Sancho Kẹrin gbà á, tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Fernando de la Cerda, sì pàdánù rẹ̀. Ìran de la Cerda ni ìyá Juan, Juana Manuel, ti ṣẹ̀ wá. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ obìnrin ni, òun náà ní i. Ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé Juan mọ̀ pé idà bàbá òun nìkan kò tó láti fi dá Constanza lóhùn.

Ní oṣù Kọkànlá, John àti João pàdé ní Ponte de Mouro, wọ́n dì í pé wọn yóò jọ kó ogun wọ León, João yóò sì fẹ́ Philippa. Ìgbéyàwó náà wáyé ní Porto ní oṣù Kejì ọdún 1387. Nígbà tí òtútù lọ, ogun wọ León. Benavente kò ṣeé gbà. Wọ́n gba Valderas àti àwọn ìlú kéékèèké mélòó kan. Ebi dé, àìsàn tẹ̀ lé e. Àwọn ará Castile kò sì dìde láti gbé ọmọ Pedro sórí ìtẹ́ bí John ti rò. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun rẹ̀ bẹ Juan fún ìwé ààbò kí wọ́n lè gba inú ilẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ sí Gascony. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, wọ́n padà sí Pọtogí.

Àdéhùn Bayonne

Ogun kò fún John ní ìtẹ́, ṣùgbọ́n kò mú ẹ̀tọ́ Constanza kúrò nílẹ̀. Juan ti pàdánù ní Aljubarrota, owó ogun ti tán án lápò, ó sì mọ̀ pé bí Catalina bá fẹ́ ọmọ ọba mìíràn, ìjà yóò tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Trancoso ní 1387, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ní Bayonne ní oṣù Keje ọdún 1388.

John àti Constanza fi gbogbo ẹ̀tọ́ wọn sí Castile sílẹ̀. Juan yóò san 600,000 owó wúrà Faransé fún wọn, yóò sì máa san 40,000 lọ́dọọdún níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà láyé. Constanza gba owó orí ìlú Guadalajara, Medina del Campo àti Olmedo títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Wọ́n dárí ji àwọn tó tẹ̀ lé John. Èyí tó ga jù nínú àdéhùn náà ni pé Catalina yóò fẹ́ Enrique, àkọ́bí Juan. Bí Enrique bá kú kí ó tó dàgbà, àbúrò rẹ̀, Fernando, ni yóò fẹ́ ẹ.

Ìgbéyàwó náà wáyé ní Palencia ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1388. Catalina ti lé ní ọmọ ọdún 15. Enrique kò tíì pé 9. Nígbà náà ni wọ́n dá oyè Ọmọ Ọba Asturias sílẹ̀ fún Enrique, oyè tí arólé ìtẹ́ Sípéènì ṣì ń jẹ títí di òní. Pero López de Ayala, ìjòyè tó kọ ìtàn àwọn ọba Castile ìgbà náà, sọ pé John fi adé wúrà tí ó ti ṣe sílẹ̀ fún ìwúyè ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí Juan.

Àyọrísí rẹ̀

Ní Pọtogí, Philippa di ayaba, ó sì bí ìran àwọn ọmọ ọba tó lókìkí. Ọ̀kan nínú wọn, Henrique (1394–1460), rán àwọn atukọ̀ lọ sí etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 1444, àwọn atukọ̀ kó ẹrú Áfíríkà tó lé ní 200 gúnlẹ̀ sí Lagos, èbúté kan ní Pọtogí, Henrique sì wà níbẹ̀ láti gba ìpín tirẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀nà tí àwọn atukọ̀ náà là ni àwọn Pọtogí gbà dé etíkun Bìní àti Èkó. Èdè wọn ni orúkọ Lagos tí a tún ń pe Èkó. Báyìí ni ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe nítorí ogun Castile fi kan ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ rárá.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John fẹ́ Katherine Swynford ní 1396, ó sì kú ní 1399. Kí ọdún náà tó parí, Henry, ọmọ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Blanche, gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Richard.

Ní Castile, Juan Kìíní já bọ́ lórí ẹṣin, ó kú ní 1390, Enrique Kẹta sì jọba pẹ̀lú Catalina lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Enrique kú ní 1406, ọmọ wọn, Juan Kejì, kò tíì pé ọmọ ọdún 2. Catalina àti Fernando, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló di ìjọba mú fún un. Isabel Kìíní, tí ìjọba rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀, Fernando ti Aragon, so Castile àti Aragon pọ̀, jẹ́ ọmọ Juan Kejì. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: Isabel sọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ní Catalina, ọmọ náà sì padà lọ di ayaba Gẹ̀ẹ́sì ní 1509, gẹ́gẹ́ bí aya Henry Kẹjọ.

Constanza kú ní oṣù Kẹta ọdún 1394, wọ́n sì sin ín sí Leicester. Ìtẹ́ tí ọkọ rẹ̀ kò lè fi idà gbà, ọmọ rẹ̀ gba ọ̀nà ìgbéyàwó dé ibẹ̀. Juan Kejì tó jọba ní 1406 ní baba-ńlá méjì nínú ìjà náà: Pedro tí wọ́n gún pa ní Montiel, àti Enrique tó gún un.